Púlọ́ọ̀gì Tó Ń Dún Nínú Rédíò

Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò sùn, ara mi sì dá. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá jókòó tì mí ní Òmù-Àrán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Usamah, ọmọ mi, ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Òró-Àgọ́. Ọ̀nà náà jìn, kò sì dára. Rédíò kékeré mi ló máa ń sọ fún mi pé ó ti dé. Bí ọ̀kadà rẹ̀ bá ti yọ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà. Ọ̀kadà ẹlòmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kíá, màá bu omi àlùwàlá sínú kẹ́tù, màá gbé e sẹ́nu ọ̀nà dè é.

Ọláyíwọlá, mẹkáníìkì rẹ̀, ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, oríṣi méjì ló sì wà. Èyí tí wọ́n kọ R sí lára ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí iná rẹ̀ da rédíò láàmú. Ti Usamah kò ní R.

"Ẹ jẹ́ kí n fi oní-R sí i. Rédíò yín á sinmi."

"Má dán an wò. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó ti dé?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Usamah! Àwọn ìyá yòókù ń fi fóònù wá ọmọ, púlọ́ọ̀gì lẹ̀yin fi ń wá tiyín."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n tó pe ìrun màgáríbì, rédíò ta pàrà-pàrà. Mo gbé kẹ́tù síta. Ariwo náà sún mọ́lé. Ó dúró. Mo padà sídìí ọbẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀. Mi ò gbọ́ ohùn. Nígbà tí mo jáde, kò sẹ́ni, kò sí ọ̀kadà.

Omi inú kẹ́tù ti tán. Ilẹ̀ gbẹ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Usamah tó wọlé. Rédíò ń ka ìròyìn lọ geere.

"Kí ló ṣe ọ̀kadà rẹ?"

"Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì láàárọ̀, Màámi. Oní-R ni. Ẹ má bínú."

Mi ò bínú. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ariwo náà tún wá ní Ọjọ́rú. Ó wá ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò gbé omi síta mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó. Bí rédíò bá ti dákẹ́, màá gbọ́ èémí lẹ́nu ọ̀nà, bí èémí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Lẹ́yìn náà ni Usamah á dé, rédíò kò ní ta rárá. Ìyẹn ni mo fi ń mọ ẹni tí màá ṣílẹ̀kùn fún.

Lọ́sàn-án òní, ó pè mí láti Ìgbàjà.

"Màámi, púlọ́ọ̀gì yìí ti kú. Èyí tí mo rí rà níbí kò ní R o. Inú yín á dùn."

"Usamah, sùn síbẹ̀."

"Kí ló dé?"

Ìpè já.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, rédíò ta pàrà-pàrà. Ó dákẹ́. "Màámi." Ohùn Usamah ni. Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ òun, tí mo sì fi í sílẹ̀ síta ńkọ́? Ìyá ni mí. Mo ṣílẹ̀kùn.

Ó wọlé. Ó jẹun. Ó lọ sùn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun iṣái tán ni rédíò tún ta. Ó dákẹ́. Ẹnìkan kànkùn.

"Màámi, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Nínú yàrá, ẹni tó ń sùn dìde jókòó.

"Ẹ má ṣí i, Màámi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ohùn kan náà ni.