Ìwé Àdéhùn Mànàmáná Dàwátì

Fáìlì ṣófo. Akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà dojú ẹ̀ dé, ó gbọn ọ́n bí ẹni ń gbọn àpò ìyẹ̀fun. Kílíìpù kan ṣoṣo ló jábọ́.

"Ó wà níbí lánàá, mà. Ewé mẹ́ta. Ojú mi báyìí ló rí i." Ọmọbìnrin náà tún tọwọ́ bọ fáìlì náà.

Ìyá Onímú wo kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Wọn ò já a. Ó wá àga kan, ó jókòó. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá ti rí rúdurùdu, òun ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ṣì ń ránṣẹ́ pè, tí wọ́n sì ń fi òǹtẹ̀ wọn lé lọ́wọ́. Ọmọọmọ mẹ́jọ ló ní. Ìdí tó sì ní, àga tó bá gbà á, àga gidi ni. Èyí dún kẹ́ẹ́.

"Má ké, ìwọ àga," ó ní. "Kì í ṣe ìwọ ni mo wá mú."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mànàmáná ni wọ́n ń pè é, nítorí eré ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ló tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́rin. Gbólóhùn kan, ó ní, wà lójú ewé kẹta: bí ẹgbẹ́ bá fi òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì ju ìdajì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sáà kan lọ, òun lè máa bá tòun lọ. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sáà yìí, márùn-ún péré ló fẹsẹ̀ kan pápá. Ẹgbẹ́ mìíràn ti ń dúró dè é, ìforúkọsílẹ̀ á sì parí ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà. Bí ìwé ò bá jáde, ọdún méjì sí i lórí bẹ́ǹṣì. Ẹsẹ̀ á ti di igi.

"Ẹ̀dà tìẹ ńkọ́?"

"Alága ẹgbẹ́ ní kí n fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn, mà. Wọ́n ní bàbá làwọn jẹ́ sí mi."

Ìyá Onímú pòṣé. "Ẹni tí kò fọkàn tán rẹfirí, alága ló wá fọkàn tán. O káre."

Òórùn lọ́fíńdà ló kọ́kọ́ wọlé. Ikùn tẹ̀lé e. Alága ló wọlé kẹ́yìn.

"Màmá, ẹ má yọra yín lẹ́nu. Ọmọ yìí ló jí i, kó lè pa irọ́ tó bá wù ú. Tàbí akọ̀wé yìí. Ẹgbẹ́ tó ń pe ọmọ yẹn ti ń pe òun náà síṣẹ́. Ọlọ́run ṣe é, mo ní ẹ̀dà tèmi."

Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Ìyá Onímú kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ. Ọjọ́ ìbuwọ́lù, ọdún méjì sẹ́yìn. Nọ́ńbà ẹ̀wù, mẹ́sàn-án. Kò sí gbólóhùn kankan nípa jíjókòó.

"Èyí kì í ṣe ọwọ́ mi!" Mànàmáná pariwo.

"Pa ẹnu dé! Níbi tí mo ti gbé ẹ, ṣé ẹ mọ bàtà níbẹ̀?" Alága bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Onímú kò bá a rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yìí?"

"Èmi, mà," akọ̀wé dáhùn. "Alága náà ní. Kóòṣì náà ní."

Wọ́n pe kóòṣì. Kó tó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, á kọ́kọ́ wo ojú Alága, bí ọkùnrin tó ń bi ìyàwó ẹ̀ bóyá ebi ń pa òun.

"O ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí lánàá?"

"Mo... mo wá mú ìwé dókítà àwọn ọmọ ni, mà."

"Ta ló ní kí o máa fi Mànàmáná jókòó?"

Ó wo Alága. "Ọgbọ́n ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni, mà."

"Ọgbọ́n! Ẹgbẹ́ yín ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọgbọ́n yín pọ̀ lóòótọ́." Ó yíjú sí akọ̀wé. "Bébà tí ẹ ò bá lò mọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Ẹ̀rọ yìí ni mo fi ń gé e wẹ́wẹ́, mà, tèmi àti ti kóòṣì. Alága ò gbà ká gé tiwọn. Wọ́n ní ariwo ẹ̀ ń fọ́ àwọn lórí. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń jù ú sí."

Ìyá Onímú sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù sí. Òjò ti rọ̀ gan-an lánàá. Bàtà tò lórí ilẹ̀ bí ọmọ iléèwé, bébà rúnrún sì kún ẹnu gbogbo wọn. Bàbá arúgbó kan ń fi ẹ̀wù àlòkù nu ẹrẹ̀ ara wọn. Bàbá Aláṣọ ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ fi ń nu bàtà yẹn?"

"Ẹ̀wù tí Mànàmáná kọ́kọ́ wọ̀ ni, mà. Balógun ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ni mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Ìgbà tíyẹn fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá la gbé mẹ́sàn-án fún un."

"Hẹn-ẹn. Àwọn bàtà yìí ńkọ́? Ebi bébà ló ń pa wọ́n ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Bébà ló ń fa omi ara wọn. Apẹ̀rẹ̀ Alága ni mo ti ń kó o. Ti akọ̀wé ti di ìrẹsì, kò ṣeé ki bọ bàtà."

"Alága mọ̀?"

"Èmi gan-an ni wọn ò mọ̀, mà. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà níbí."

Ìyá Onímú rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mì. "Bàbá, ẹ bá mi tú wọn. Orúnkún tèmi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

Bàtà aṣọ́lé ló tóbi jù. Òun náà ló rùn jù.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, Ìyá Onímú ti gbé bàtà náà lé orí tábìlì Alága tó ń dán.

"Kí lèyí? Ta sì lẹni yìí?" Alága nawọ́ sí Bàbá Aláṣọ.

"Ẹni tó ń kó ìdọ̀tí yín ni." Ó fa ewé mẹ́ta, tútù, rírún, yọ nínú bàtà náà, ó tẹ́ wọn sílẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀wù: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Gbólóhùn jíjókòó wà lójú ewé kẹta, ọwọ́ Alága fúnra rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. "Akọ̀wé ló tẹ ìwé yìí, kóòṣì ló sì fún ọmọ ní nọ́ńbà. Àwọn méjèèjì ò lè ṣì í kọ. Ẹni tó kọ mẹ́sàn-án, orí àga onítìmùtìmù ló ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ rún òtítọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ wá fi irọ́ sínú báàgì. Ẹ ò tilẹ̀ ya á. Ṣé ẹ rò pé ìwin ló ń da apẹ̀rẹ̀ yín nù ni?"

Alága wo kóòṣì. Kóòṣì wo ilẹ̀.

"Ọmọ tí mo sọ dènìyàn!" Alága lu tábìlì. "Kó wá lọ gbá góòlù sínú àwọ̀n mi, kí gbogbo ayé fi mí ṣẹ̀sín? Kó jókòó jẹrà ló tẹ́ mi lọ́rùn."

"Bàbá rere," ni Ìyá Onímú wí. "Bàbá tí kò mọ nọ́ńbà ọmọ ẹ̀. Ẹ máa ṣàlàyé ìyẹn fún ìgbìmọ̀."

Ó ju ara ẹ̀ sórí àga, ó fi òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ lu ìwé rírùn náà, ó nà án sí Mànàmáná. Ó kù díẹ̀ kó lu aago mẹ́ta ààbọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró síbẹ̀, omi lójú, ó ń wá ọ̀rọ̀ ọpẹ́.

"Kí lo ń dúró dè? Ṣé torí ìdúró ni wọ́n ṣe ń pè ẹ́ ní Mànàmáná?"

Kí Ìyá Onímú tó rí ìdí ẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ àga, Mànàmáná ti kọjá géètì.