Ẹsẹ̀ Tí Sàlámì Fẹ́ Fi Gba Pánsíyọ̀n

Láti ìgbà tí akéde ìjọba Faransé ti pariwo ní Gbossimé pé kí àwọn ṣójà tí ogun Hítílà sọ di aláàbọ̀ ara wá gba pánsíyọ̀n, owó ìtọ́jú wọn, ara Sàlámì télọ̀ ò balẹ̀ mọ́. Kàmọ́rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lowó náà tọ́ sí. Ogun ti gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dé orúnkún, ó jókòó sí abúlé Zanguéra, kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé Sàlámì sọ fún un? Rárá o! Ojúkòkòrò ò jẹ́.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣuntókun oníṣègùn ló gbà lọ, ní Aflao-Gakli. Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ yàrá náà ṣókùnkùn, ó ń rùn fún ẹ̀jẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi mú ẹsẹ̀ òsì yìí kúrò, kí n lè jọ ẹ̀gbọ́n mi níwájú dókítà. Tí mo bá gbowó tán, kí ẹ dá a padà."

Ọ̀ṣuntókun fọwọ́ pa ojúgun rẹ̀. "Àpá kí nìyí?"

"Áyọ́ọ̀nù ló jó mi nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́."

"Ó dáa. Èmi kì í mú ẹsẹ̀ kúrò, ọmọ. Mo máa ń gbé e síbòmíràn ni. Ẹni tí o jí orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ rí ọ kí o tó padà wá. Tó bá rí ọ fìrí, ó parí, ẹsẹ̀ ò padà mọ́."

"Ibo lẹ máa gbé e sí?"

"Ṣé owó lo fẹ́ ni, àbí ìtàn?"

Abẹ ya orúnkún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dà sínú igbá. Ọ̀ṣuntókun ń pe ọfọ̀: "Eegun, tú! Iṣan, tú! Ẹran, gbéra, wá ilé lọ!" Sàlámì ń gbọ́ bí eegun rẹ̀ ṣe ń já. Nígbà tó wolẹ̀, ẹsẹ̀ ti lọ, ojú ibẹ̀ sì ti jinná bí ọgbẹ́ àtijọ́.

Ó fi ọ̀pá tiro dé búrò, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń san owó náà. Célestin akọ̀wé pè é: "Kàmọ́rù Láwàl!"

"Présent!" Sàlámì dáhùn pé òun nìyí.

Dókítà tẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó mi orí pé òótọ́ ni. Célestin ti ń nawọ́ owó sí i nígbà tí ẹnì kan sáré wọlé, tomijé tomijé. Háà! Kàmọ́rù ni, lórí ẹsẹ̀ méjì.

"Mùsíọ̀, wọ́n ní ẹ ń pe àwa ṣójà tó fara gbọgbẹ́. Ẹ má fún mi lówó o! Ọlọ́run ti fún mi lẹ́sẹ̀!" Ó ká ṣòkòtò sókè. Àpá áyọ́ọ̀nù wà lójúgun rẹ̀.

Ó yíjú. "Sàlámì? Àbúrò mi, ta ló gé ẹsẹ̀ rẹ?"

Ó parí. Sàlámì fò mọ́ ojúgun náà, ó ń ha á léèékánná. "Ẹsẹ̀ mi ni! Ẹ dá a padà!" Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Célestin kó owó padà sínú àpótí.

Títí dòní, Sàlámì ṣì ń lọ tọrọ ìrànlọ́wọ́ ní búrò yẹn. Kàmọ́rù ló ń pọ̀n ọ́n lọ, tó ń pọ̀n ọ́n bọ̀, tàánútàánú. Ìbéèrè kan náà ni Célestin sì máa ń bi í:

"Ogun wo lo jà?"

Sàlámì á wo ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀.