Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lẹ́yìn Fáìlì

Ìwé tó sọ iye ọjọ́ tó kù fún Oghenetega láyé pòórá nínú fáìlì rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lọ́dún 1987, ní ọsibítù kékeré kan l'Ájégúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì Tàwàkálítù tú fáìlì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí i.

Dókítà ló kọ ọ́ láàárọ̀ kó tó gba Ìbàdàn lọ, ó di Ọjọ́ Ẹtì kó tó padà. Jẹjẹrẹ ti ba ẹ̀dọ̀ ọkùnrin náà jẹ́, kò jẹun mọ́, kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ. Bóyá ni yóò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Láìsí ìwé yẹn, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun l'Ápàpá kò ní ránṣẹ́ pe Monday, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ wọn, tí ọkọ̀ náà yóò kúrò ní Dakar l'Ọ́jọ́bọ̀. Akpevwe, ìyá Monday, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún. Ẹkún ti tán lójú ẹ̀.

Àmì ṣọ́ọ̀kì búlúù kan wà lẹ́yìn fáìlì.

Kazeem ni ọkàn Tàwàkálítù kọ́kọ́ lọ sí. Akọ̀wé tó ń ka ẹrù ní wáàfù, èbúté ọkọ̀ òkun, ni, ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n lápò ẹ̀, ó sì ti sọ láàárọ̀, nígbà tó wá kí Oghenetega, pé dókítà kì í ṣe Ọlọ́run. Nígbà tó padà wá l'Ọ́jọ́rú, nọ́ọ̀sì fi àmì náà hàn án. Ó wò ó títí.

"Bá a ṣe ń ṣe ní wáàfù nìyẹn," ó ní. "Àpótí tá a bá ṣí, a gbọ́dọ̀ sàmì sí i. Oghenetega ló kọ́ mi."

Azubuike tó ń fọ ilẹ̀ ọsibítù sọ pé nígbà tóun ń da omi ọṣẹ lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun, àlejò kankan ò sí nínú ilé. Ó tún jẹ́wọ́ pé òun kì í fọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tàwàkálítù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa bàtà Oghenetega jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọṣẹ ti gbẹ sí àtẹ́lẹ̀ ẹ̀.

"Bàbá Monday, ẹ̀yin lẹ dìde."

Ọkùnrin náà fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ jẹun lòun di ògiri mú dé ìdí tábìlì tí fáìlì wà. Ṣọ́ọ̀kì iṣẹ́ òun ò kúrò lápò rí. Ọwọ́ sàmì kóun tó mọ̀.

"Mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti lọ sin bàbá mi," ó ní. "Wọn ò gbà mí padà mọ́. Wáàfù ni mo darúgbó sí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi máa lọ."

Àánú ẹ̀ ṣe Tàwàkálítù.

"Ẹ̀yin ń lọ, Bàbá," ó ní. "Ìyàwó yín ló máa ṣẹ́ kù, òun ló máa nílò ọmọ."

Ó gbé ìwé náà fún Akpevwe kó mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun.

Oghenetega ò tilẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan. Ó kú ní Sátidé. Monday wọlé ní Sọ́ńdè, àpò ẹrù ṣì wà léjìká ẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé ìwé tí wọ́n jí ló fi ọjọ́ kan ṣòfò. Ó rọra bi nọ́ọ̀sì léèrè ẹni tó jí i.

Tàwàkálítù fi àtàǹpàkò nu àmì búlúù ẹ̀yìn fáìlì náà kúrò.

"A ò tíì mọ̀ ọ́n," ó ní.