Ẹyẹ Inú Yàrá Lagilagi

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyàwó Lagilagi ní kí òun fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kò dìde mọ́. Kò ṣàìsàn, orí kò fọ́ ọ, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyá obìnrin náà, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé kan náà, ló lọ jí i kó wá ká aṣọ lórí okùn, tó sì rí i pé ara rẹ̀ ti tutù. Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ kejì. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò yé ẹnikẹ́ni, nítorí náà àdúgbò wá ìtumọ̀ tirẹ̀.

Lagilagi kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń la igi ní ilé ìlagi ìsàlẹ̀ títì, òun sì ni olórí ayùn ńlá. Àwọn tó kù ń fi òwú dí etí. Olórí ayùn kì í dí tirẹ̀, nítorí etí ni wọ́n fi ń mọ̀ bí irin bá fẹ́ tẹ̀ tàbí bí igi bá fẹ́ há a mọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ́ àwọn mìíràn.

Lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kó sinmi sí i. Ó ní ilé gan-an ni kò jẹ́ kí òun sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n gbé ìtì igi kan sórí ẹ̀rọ. Ẹnìkan ti kan ìṣó ńlá mọ́ ọn nígbà kan rí, èèpo sì ti bo ìṣó náà. Ayùn bá irin pàdé, ó sì ké. Ẹni tó yẹ kó pa ẹ̀rọ ń wo ibòmíràn. Ayùn ń ké lọ, Lagilagi dúró tì í bí ẹni tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, títí ìṣó náà fi já sí méjì. Kò fara pa. Ó kàn dà bí ìgbà tí orí ènìyàn wà lábẹ́ omi: ó ń rí ẹnu àwọn èèyàn tó ń mì, kò gbọ́ wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ létí. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ń bọ́ bàtà. Ìgbà náà ló gbọ́ ẹyẹ náà.

Ẹyẹ kékeré ni. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń ké láìmí. Lagilagi wo òkè àjà, ó wo abẹ́ ibùsùn. Ó ṣí fèrèsé, ó tún tì í. Ó wọ́ àpótí aṣọ olóògbé kúrò lára ògiri, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tó dùbúlẹ̀, ẹyẹ náà dùbúlẹ̀ tì í, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń sùn sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní Àǹtí, ti wá bá a gbé láti ọjọ́ ìsìnkú. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún.

"Ẹyẹ?" Àǹtí gbé ife tíì sílẹ̀. "Irú ẹyẹ wo?"

"Mi ò rí i. Mò ń gbọ́ ọ ni."

"Èmi àti ẹ la jọ wà nílé lánàá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé o ti bi Màmá?"

"Mi ò tíì bi wọ́n."

"Má bi wọ́n." Àǹtí wo ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o rò pé wọ́n máa jẹ́wọ́ ni? Ta ló wà nílé lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ kú? Ta ló kọ́kọ́ dé ìdí ibùsùn?"

"Àǹtí, ọmọ wọn ni."

"Mo mọ̀ pé ọmọ wọn ni. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Láti ọjọ́ náà ni Lagilagi ti ń ṣọ́ ìyá àgbà, ìyá ìyàwó rẹ̀. Bí obìnrin náà bá wọ yàrá, tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀, tó ń ráhùn pé omi ẹ̀rọ kò yọ dáadáa, ẹyẹ á rọlẹ̀. Bó bá jáde tó pa ilẹ̀kùn dé, ẹyẹ á tún gbé ohùn sókè. Lagilagi rò ó síwá sẹ́yìn, ó sì dá a lójú pé ẹni tó ni ẹyẹ nìkan ni ẹyẹ lè dákẹ́ fún. Kò sùn dáadáa mọ́. Ní ibi iṣẹ́, ó la pákó mẹ́rin bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí sáré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mo ti rí wọn. Wọ́n ń ṣèpàdé."

"Níbo?"

"Lẹ́yìn ilé ìlagi yín, níbi tí ẹ ń kó ìyẹ̀fun pákó sí. Màmá àti bàbá arúgbó kan. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, ẹnu wọn ń mì, ọwọ́ wọn ń mì, kò sì sí ohùn. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sọ́dọ̀ mi. Mi ò gbọ́ ohunkóhun."

Kò pẹ́ tí ìyá àgbà fi wọlé.

"Màmá, níbo lẹ ti ń bọ̀?" Àǹtí ló bèèrè.

"Mo lọ rí ẹnìkan."

"Ta ni?"

"Ẹni tí mo fẹ́ rí. Ìgbà wo ni wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ọlọ́pàá, tí a ò gbọ́?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ sọ fún wa, ẹyẹ ta ló ń ké nínú yàrá ọkọ ọmọ yín?"

Ìyá àgbà kò wò ó mọ́. Lagilagi ló kọjú sí. "Ṣé ohun tí ìwọ náà rò nìyẹn?"

Lagilagi ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá àwọn èèyàn yín gbé fúngbà díẹ̀."

"Èèyàn mi wo? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. O mọ ibi tó wà."

"Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú."

Ó di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan, ó sì lọ gba yàrá lẹ́yìn ilé aránṣọ kan ní òpópónà kejì. Àǹtí náà, tó gbà pé iṣẹ́ ti parí, padà sílé ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Ẹyẹ kò bá ìkankan nínú wọn lọ. Nínú ilé tí kò sí ẹni tó ń wọ́ bàtà mọ́, tí kò sẹ́ni tó ń ráhùn, ó wá ń ké bí ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda ilé fún. Lagilagi ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà. Ó bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè, ojú sì tì í. Ó jẹun ní ìdúró. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó yé e pé kò sẹ́ni tí òun tún lè lé jáde mọ́.

Ní ilé ìlagi, Baba Apọ́nayùn, tó ń pọ́n eyín àwọn ayùn, tó sì ti di adití láti ọjọ́ pípẹ́, pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Tìẹ ń ké ni, àbí ó ń hó?"

"Kí ni, Baba?"

"Ohun tó wà létí ẹ. Tèmi ń hó bí omi orí iná. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé."

Lagilagi dì mọ́ tábìlì. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá ìyàwó ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wá bá mi lẹ́yìn ibí yìí. Ó ní o ń yí orí kiri bí adìẹ tó ń wá ọmọ, o kì í sì í sùn. Ó ní kí n bá ẹ sọ̀rọ̀, kí n má sọ pé òun ló rán mi. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí ọ̀fọ̀ ẹ rọlẹ̀ ná. Ẹ̀bi mi nìyẹn."

"Wọ́n ní ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láìsí ohùn."

"Kí ló fẹ́ fi ohùn ṣe fún mi? Ẹnu ni mò ń wò. Ìwọ náà, ohùn wo lo ti fi bá mi sọ̀rọ̀ rí?"

Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń mi ẹnu lásán níwájú ọkùnrin yìí. Nígbà tí Àǹtí sọ ohun tó rí, ó yẹ kó mọ̀. Kò fẹ́ mọ̀ ni.

"Má máa wá a kiri," Baba Apọ́nayùn sọ. "Má sì jókòó sínú ilé tó pa lọ́lọ́. Ra fáànù, jẹ́ kó máa fẹ́. Di etí ẹ níbí, bó o tilẹ̀ jẹ́ olórí ayùn. Kó o sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú etí, èmi ò tètè lọ."

Ó lọ. Obìnrin tó yẹ etí rẹ̀ wò ní ariwo ayùn ló ṣe é, pé ó lè rọlẹ̀ tó bá yá, ó sì lè má lọ tán. Lagilagi bi í bóyá ó dá a lójú pé kì í ṣe ẹyẹ. Obìnrin náà kò fi í rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ ló gba ilé aránṣọ lọ. Ìyá àgbà jókòó sórí ibùsùn tóóró kan, ó ń ran bọ́tìnì. Kò ní kó jókòó.

"Màmá, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe yín."

"Èmi ti mọ̀ tipẹ́."

"Ẹni tó pa á ni mò ń wá."

"Èmi náà wá a." Ìyá àgbà fi eyín já òwú. "Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi wá a lára ìwọ náà. Nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, mo wo ọrùn rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Ó kàn kú ni, ọkọ ọmọ mi."

Ní iwájú ilé, ẹ̀rọ aránṣọ dúró. Lagilagi yí orí díẹ̀, obìnrin náà sì rí i.

"Ó ń ké báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Báwo ló ṣe ń ké? Bá mi ṣe é kí n gbọ́."

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó fún ètè pọ̀, ó súfèé, tín-ín-rín, láìdúró, títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Ìyá àgbà súnmọ́ ọn, ó dijú.

"Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tún un ṣe.

Ìyá àgbà lajú, ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Yàrá ẹ̀yìn yẹn, ṣé o ti gbá a láti ìgbà tí mo ti kúrò?"

"Rárá, Màmá."

"Lọ gbá a. Mi ò lè wọ inú ìdọ̀tí."

Lagilagi lọ sílé, ó mú ìgbálẹ̀. Ẹyẹ ń ké ní gbogbo ìgbà tó fi ń gbálẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa ké.