Súfèé Ẹ̀yìnkùlé

"Ta ló ń súfèé yẹn?"

Bàbá arúgbó kan ló béèrè bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́yìnkùlé nídìí máṣíìnì ìránṣọ, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìsinmi. Máṣíìnì náà ti gbó. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ń da òkúta sínú agolo. Èmi dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé àti bírò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka mítà omi láti ilé dé ilé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mítà ni mo wá kà."

"Ẹ kà á. A ò tíì gbé e sá." Kò gbójú sókè.

Kámẹ́rà wà lọ́rùn mi. Láti yunifásítì ni mo ti ń ya àwòrán àwọn ẹyẹ tó ń kọrin, tí mo sì ń wá ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ síra: ìrù, àgógó, ìlà kékeré lókè ojú. Orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ti wà nínú ìwé mi. Ohun tí mi ò bá tíì mọ̀ kì í jẹ́ kí n sinmi.

Aránṣọ ni mo sọ obìnrin náà lọ́kàn mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ ń wọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó rẹwà. Mi ò mọ ìgbà tí mo tẹ kámẹ́rà.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Ọ̀gá Mítà, ṣé èmi náà ń jo omi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Àwòrán náà bàjẹ́, ojú rẹ̀ rí bàìbàì bí ẹni tó wà nínú kùrukùru. Ó yẹ kí n pa á rẹ́. Mi ò pa á rẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù là ń ka mítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ọ̀gá Mítà, ṣé omi tiwa ń sáré ju ti àdúgbò lọ ni?"

"Èmi ni mò ń sáré."

Bí mo bá ti wọlé, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á fa àpótí fún mi, a ó máa sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti kú, pé ojú bàbá rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún méjì, pé òun nìkan ló ń fọṣọ, tó ń se oúnjẹ, tó sì ń rán aṣọ ilé ìwé fún gbogbo àdúgbò. Kí oṣù kejì tó parí, ìfẹ́ rẹ̀ ti kọjá ohun tí mo lè fi pamọ́. Mo sọ fún un.

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, olólùfẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Ṣé o lè fẹ́ ẹni tó ti rẹ̀?"

Ìyá mi béèrè ohun tó jọ ọ́. "Ọmọ mi, ó ti rẹ ọmọ yẹn kó tó wọlé ọkọ. Ṣé o fẹ́ kó rẹ ìwọ náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ọkùnrin olùkọ́ kan tó ń gbé ìlú mìíràn, wá kí wọn. Ó sùn mọ́jú, ó sì gbọ́ bí Baba ṣe ń béèrè ẹni tó ń súfèé.

"Ojú ti lọ, orí náà ti ń tẹ̀lé e," ló sọ fún wa. "Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń kó ìwọ àti Baba lọ sọ́dọ̀ mi, àbúrò mi."

"Orí Baba pé," Aránṣọ dáhùn.

"Jẹ́ kí n gbọ́ súfèé náà, èmi nìkan ni n ó padà lọ." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tó ń lé ẹyẹ kiri bí ológbò, ìwọ gbọ́ ọ bí?"

"Mi ò gbọ́ ọ, sà." Ó dùn mí pé mi ò mọ irọ́ pa.

Mo fura pé ẹyẹ ni. Àárọ̀ mẹ́ta léraléra ni mo wá. Aránṣọ á dá máṣíìnì dúró, a ó jókòó, a ó sé èémí. Kò sí nǹkan kan. Kété tí mo bá lọ, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, Baba á tún béèrè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Aránṣọ di ọwọ́ mi mú. "Bóyá òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń sọ. Má dúró dè mí, olówó orí mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí n ó padà."

Ó gbórí lé èjìká mi, oorun sì gbé e lọ níbẹ̀. Mi ò mira.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́nu géètì. Wọ́n ti fi okùn di máṣíìnì. Mo jókòó sórí àpótí mi, mo wá àwòrán tó bàjẹ́ yẹn jáde, mo fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà kí n lè dágbére fún ojú rẹ̀. Bàìbàì ló ṣì wà. Ìgbà yẹn ni mo tó bi ara mi léèrè: bí kámẹ́rà ò bá wo ojú rẹ̀, kí ló wò?

Mo wo ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Òpó okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí hàn kedere. Ẹyẹ kékeré kan wà lórí rẹ̀, àwọ̀ igi, ìlà funfun lókè ojú. Àgógó rẹ̀ là sílẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ wú.

Nínú àwòrán náà, ẹsẹ̀ Aránṣọ ṣì wà lórí máṣíìnì.

Máṣíìnì ni ẹyẹ yìí ń bá kọrin! Gbogbo ìgbà tí a dákẹ́ ká lè gbọ́ ọ, àwa la pa á lẹ́nu mọ́. Gbogbo ìgbà tí olólùfẹ́ mi pa iṣẹ́ tì nítorí mi, orin tán.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ara máṣíìnì.

"Ọ̀gbẹ́ni, orí tìẹ náà ti ń lọ?" Ẹ̀gbọ́n pariwo.

"Olólùfẹ́, jọ̀ọ́, jókòó. Máa tẹ̀ ẹ́."

Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kò ní okun láti jiyàn. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú agolo. Mo fa Ẹ̀gbọ́n lọ sójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba, níbi tí ariwo náà ti dín kù. A dúró títí.

"Ta ló ń súfèé yẹn?" Baba béèrè.

Ẹ̀gbọ́n náà gbọ́ súfèé ọ̀hún. Ojú rẹ̀ tẹ̀lé ìka mi lọ sórí òpó tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká aṣọ Baba kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọra gbé àpò Baba sílẹ̀. Lọ́hùn-ún, Aránṣọ ń sunkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kúrò lórí máṣíìnì.

"Ẹyẹ ni, Baba," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Orí òpó ìsáṣọ wa ló wà."