Ẹ Bo Àwòrán Kí Ẹ Tó Pe Ọmọ Yín Lọ́mọ̀wé

Bí Losivale bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo abúlé ló ń gbọ́. "A, ato! E, elefane! I, ipu!" Á máa fi igi tọ́ka sí àwòrán tí wọ́n so mọ́ òpó, apẹ̀rẹ̀ fún ato, erin fún elefane, ife fún ipu, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lórin nílé ẹ̀kọ́ pásítọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Èmi tí mo bí i àti ìyá rẹ̀ àgbà, Màmá Fuatino, á máa hun ẹní, a ó sì máa mi orí.

Pásítọ̀ ti kéde pé lọ́jọ́ Àìkú Funfun ọdún yìí, ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé nínú ìjọ, àwọn ọmọ kò ní ka àkọ́sórí mọ́. Ìwé tí wọn kò rí rí lòun máa nà sí wọn níwájú ìjọ. Màmá Fuatino ti rán aṣọ funfun sílẹ̀, ó ti fọ́nnu káàkiri abúlé.

Ó ku oṣù mẹ́rin kí ọjọ́ náà pé ni Tísà Iulia yà sọ́dọ̀ wa. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán, ó tọ́ka sí lẹ́tà kan láàárín. "Kí nìyí?"

Losivale padà sí A, ó kọrin títí ó fi débẹ̀. Tísà tọ́ka sí òmíràn. Ọmọ tún padà sí A.

"Tí mo bá pe ọsàn, 'moli', ìró wo ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi?"

Ọmọ ń wò mí, àfi bíi pé èmi mọ̀ ọ́n.

Màmá Fuatino ju ẹní sílẹ̀. "Ìwọ Iulia, ṣé olódo lọmọ mi ni?"

"Rárá o, Màmá. Orí rẹ̀ pé, òun ló fi há gbogbo rẹ̀ sórí. Orin ló mọ̀, kò tíì mọ lẹ́tà."

"Orin yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ èmi."

"Ṣé ẹ wá lè kàwé, Màmá?"

"Mo mọ Sáàmù mẹ́tàdínlógún sórí."

"Mi ò bi yín ní Sáàmù."

Ẹ̀rín pa mí. Màmá wò mí báyìí, mo yáa dojú kọ ẹní mi.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ tán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ti Losivale. Á kọ lẹ́tà sínú iyanrìn, á pe ìró rẹ̀, á wá so méjì pọ̀, á so mẹ́ta. Lóṣooṣù ni Tísà ń wá yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí kò bá sì mọ̀, a ó padà sórí rẹ̀. Ó sú mi nígbà mìíràn, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọjọ́ pé. Pásítọ̀ na ìwé sí i. Ọmọ ṣí i. Màmá Fuatino di orúnkún mi mú, ó dùn mí wọra.

Losivale fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó ń pe ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọsẹ̀ níbì kan, ó padà, ó tún un kà, ó rí i kà. Ó kà á délẹ̀. Ìjọ hó yèè, Màmá sì ń sunkún láìfojú pamọ́. Lọ́jọ́ Àìkú Funfun, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jẹun, àgbà ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Itan adìyẹ méjèèjì ni Màmá kó síwájú ọmọ ọmọ rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo gbé tèmi náà kún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí orin tàn yín jẹ. Ẹ bo àwòrán, ẹ tọ́ka sí lẹ́tà láìtò ó, ẹ bi ọmọ ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má bú u, ẹ má nà án. Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ rí yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, kó mú ìwé tí Losivale kò rí rí wá sílé wa.