Àga Tó Ṣófo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Súfèé

Bí ariwo bá lè ṣí òrùlé, ariwo kíláàsì kẹta ì bá ti ṣí òrùlé ilé-ìwé náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Àwọn kan ń gun àga, àwọn kan ń sọ bébà lu ara wọn, ẹnì kan sì ń ké bí àgbò lábẹ́ tábìlì. Níwájú wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró ti pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ tuntun lẹ́kún lọ.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ kì í ṣe olùkọ́. Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni kó máa jókòó sórí àga kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan tó ní ikọ́ fée, kó máa tẹ́tí sí àyà rẹ̀. Bí àyà ọmọ náà bá ti fẹ́ há, ńṣe ló máa ń dún fíì, fíì, bí ẹni tó ń súfèé lókèèrè. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Súfèé. Inú àpò tí Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn àga kékeré náà ni oògùn tí wọ́n ń fín sí i lẹ́nu máa ń wà.

Nígbà tí olùkọ́ kíláàsì náà lọ bímọ, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé pe Àǹtí Jẹ́jẹ́ sí ọ́fíìsì. Obìnrin ni ọ̀gá yìí, bàtà rẹ̀ sì máa ń dún kò, kò, kò, kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ.

"Bá wa dúró níwájú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan péré."

"Mà, mi ò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ o."

"Ta ló ní kó o kọ́ wọn ní nǹkan ńlá? Ṣáà mú kí wọ́n dákẹ́. Kíláàsì tó bá ti dákẹ́, ta ló máa mọ̀ pé kò ní olùkọ́?"

"Súfèé ńkọ́, mà?"

"Ṣebí inú yàrá kan náà lẹ jọ wà? Àbí ó fẹ́ fò gba ojú fèrèsé ni?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, Àǹtí Jẹ́jẹ́ náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dé inú. Ọ̀sẹ̀ kan náà di oṣù, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ olùkọ́ mìíràn.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti bá a gbélé. Bó bá ti kọjú sí pátákó, ó máa ń ṣe é bíi pé nǹkan kan dúró sẹ́yìn òun. Á kọ ọ̀rọ̀ kan, á wẹ̀yìn. Á kọ òmíràn, á tún wẹ̀yìn. Súfèé á gbójú sókè, á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Àga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì ṣófo sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká.

Bó bá ń fọ abọ́ nílé, etí rẹ̀ á gbọ́ fíì, fíì. Á sáré ti omi ẹ̀rọ pa. Omi ẹ̀rọ lásán ni.

Olùrànlọ́wọ́ tó wà ní kíláàsì kejì, tí wọ́n ti fi ṣe olùkọ́ ṣáájú rẹ̀, ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

"Ìwọ ń fi ohùn ẹyẹlé bá ewúrẹ́ jà. Ní kí gbogbo wọn gbé orí lé tábìlì. Ẹni tó bá gbórí sókè láìgbàṣẹ, kò ní jáde lọ ṣeré."

"Wọ́n máa gbọ́ bí?"

"Háà! Bí ilé òkú ló máa rí."

Ní ọjọ́ Ajé tí à ń wí yìí, Àǹtí Jẹ́jẹ́ gbọ́ kò, kò, kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kọjú sí wọn.

"Gbogbo orí sórí tábìlì! Ẹni tó bá gbórí sókè kí n tó ní kó gbé e, kò ní ṣeré lónìí!"

Kẹ́kẹ́ pa! Ariwo kú. Ọ̀gá àgbà yọjú, ó wo àwọn orí tó tò lọ bẹẹrẹ, ó mi orí tirẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan? Ìwọ náà ti di olùkọ́." Bàtà rẹ̀ sì dún lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Àǹtí Jẹ́jẹ́. Ó kọjú sí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìṣirò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò wẹ̀yìn. Ó ń wo ara rẹ̀ lójú inú, olùkọ́ gidi, tí àwọn òbí ń kí lójú títì. Ó gbọ́ fíì, ó wo ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ló ń ké. Ó tún gbọ́ fíì. Ṣebí omi ẹ̀rọ náà ti tan òun jẹ rí? Ó ń kọ ọ́ lọ.

Ìgbà tí kò gbọ́ ọ mọ́ ló tó fura. Ṣọ́ọ̀kì ṣì ń rìn lórí pátákó, kò sì ké.

Ó yí padà. Orí ni gbogbo rẹ̀, orí dúdú dúdú lórí tábìlì, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

"Súfèé?"

Ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Súfèé, gbórí sókè, jọ̀ọ́."

Orí ẹnikẹ́ni kò mì. Ọmọkùnrin tó wà níwájú Súfèé ló sọ̀rọ̀, tí imú rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ tábìlì: "Àǹtí, ó ti ń fa ẹ̀wù mi látàárọ̀ o."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ ní a ò gbọdọ̀ gbórí sókè."

Kò mọ bí òun ṣe dé ẹ̀yìn kíláàsì. Ojú Súfèé là sílẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń ṣú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni ohùn kankan kò jáde. Àǹtí Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àga kékeré, níbi tí àpò rẹ̀ máa ń wà. Àpò kò sí níbẹ̀. Inú dúróà tábìlì olùkọ́ ló ti ń gbé e sí látìgbà tó ti ń kọ́ wọn. Ó sáré padà. Dúróà há. Ó fà á, kò wá. Ó fi ẹsẹ̀ ti tábìlì, ó fà á tagbáratagbára, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ gbalagbala.

"Ẹ pe nọ́ọ̀sì!" Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́ mọ́.

Oore-ọ̀fẹ́ ni pé nọ́ọ̀sì tó ń yí àwọn ilé-ìwé ká wà ní kíláàsì kejì, tó ń wo eyín àwọn ọmọ. Ó bá Àǹtí Jẹ́jẹ́ tó gbé Súfèé jókòó ṣánṣán, tó ń fín oògùn sí i lẹ́nu, tó ń sọ pé, "Fà á sínú, ọmọ mi, fà á sínú." Nọ́ọ̀sì gbé etí lé àyà ọmọ náà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Mọ́tò ọ̀gá dà? Ilé ìwòsàn, kíá!"

Inú mọ́tò tí ọ̀gá ń wà ni wọ́n ti tún gbọ́ ọ, fíì, tín-ín-rín bí okùn òwú. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa súfèé. Ìgbà tí àyà bá dákẹ́ láìtíì gba ìwòsàn ni kí ẹ̀rù ba yín."

Bàbá Súfèé, tó jẹ́ télọ̀, sáré dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Wọ́n ti fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí ọmọ rẹ̀ nímú, ó sì ti ń sinmi. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó yíjú sí wọn.

"Ta ló jókòó tì í?"

Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí rẹ̀ wà nínú kíláàsì, sà."

"Ọ̀gá," ni nọ́ọ̀sì dá sí i, "ẹ di ẹrù méjì ru ènìyàn kan. Ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè èyí tó já bọ́."

Ọ̀gá tẹ orí ba. Omi bọ́ lójú Àǹtí Jẹ́jẹ́. "Mo mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì."

"Èmi náà ńkọ́?" ni télọ̀ wí. "Ọmọ sọ fún mi pé olùkọ́ àwọn ti lọ bímọ. Mo ní kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Mi ò béèrè ẹni tó rọ́pò rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wá là á yé wọn. Olùrànlọ́wọ́ lè mójú tó kíláàsì nígbà tí olùkọ́ bá yà síta díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá máa pẹ́ kó tó dé, dandan ni kí ọ̀gá àgbà kàn sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ fún arọ́pò tó kọ́ṣẹ́. Kí arọ́pò tó dé, kí olùkọ́ gidi kan kó àwọn ọmọ náà mọ́ ti kíláàsì tirẹ̀, kí a sì sọ fún òbí wọn. Ọmọ tó nílò ẹni tí yóò jókòó tì í, a kì í gbé ẹni náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan.

Ọ̀gá àgbà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Súfèé padà sílé-ìwé, olùkọ́ tuntun ló wà nídìí pátákó. Àǹtí Jẹ́jẹ́ sì wà lórí àga kékeré, àpò rẹ̀ lẹ́yìn àga, etí rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ náà.

Ẹ̀yin òbí, bí olùkọ́ ọmọ yín kò bá sí, ẹ béèrè ẹni tó dúró níbẹ̀ àti iṣẹ́ tó kọ́. Bí àìsàn kan bá ń ṣe ọmọ yín, ẹ rí i pé gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ tún un sọ títí wọn yóò fi gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá yọjú sí kíláàsì tó dákẹ́, ẹ má kàn mi orí kí ẹ máa lọ. Ẹ wo ẹni tó wà nídìí pátákó, kí ẹ sì wo àga tí ẹni náà dìde kúrò lórí rẹ̀.